Ìlà Tí Kò Dìde

Òórùn sípíríìtì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. A máa ń rẹ òwú sínú rẹ̀, a ó sì fi nu ìpàkọ́ ẹni tó bá jókòó, kí òróró àgbọn àti eruku lè kúrò níbẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ kì í ríbi gbà dáadáa nínú irun tó bá lọ́ràá. Yàrá kan tí wọn ò lò mọ́ lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkọ̀lé ni wọ́n yá wa. Páálí la fi dí fèrèsé rẹ̀ méjèèjì kí oòrùn má baà wọlé, nítorí náà òórùn yẹn ò ríbi jáde. Ó dà pọ̀ mọ́ òórùn páálí gbígbóná, mọ́ òógùn ara wa, àti mọ́ ti kókó tí wọ́n ń sá lágbàlá ilé kejì. Títí di òní, bí nọ́ọ̀sì bá ṣí ìgò sípíríìtì láti gún mi lábẹ́rẹ́, yàrá yẹn ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ, kí n tó rántí pé abẹ́rẹ́ ń bọ̀.

Ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ olùkọ́, tí mo sì jókòó sílé láìríṣẹ́, ni Àǹtí Dókítà dé. Yunifásítì kan tó jìnnà sí wa ló ti ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ọmọ Òyé ni. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bàtà pẹlẹbẹ ló máa ń wọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ké ju ara rẹ̀ lọ. Ohun tó fi mú gbogbo wa ni èdè. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn tó bá kàwé tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá padà wá, Yorùbá inú rédíò ni wọ́n ń sọ sí wa. Òun kọ́. "Ulé" ló ń pe ilé, "uṣẹ́" ló ń pe iṣẹ́, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ó ń wá ẹni tó lè bá òun bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀, tó sì mọ Yorùbá kọ dáadáa, wọ́n sì júwe mi fún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń pè mí ní àbúrò, ó ti jẹ iyán nílé wa, ó sì ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ náà bá parí, òun á bá mi wá àyè kí n lè kàwé sí i. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá ní kí n dúró sínú òjò, n ó dúró.

Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ó ní kì í ṣe ojú ló ń ríran, ojú kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni. Ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi ìpàkọ́, ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ náà di ènìyàn, di igi, di ọ̀nà. Bí ibẹ̀ bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tuntun á sáré lọ síbẹ̀. Ní àwọn ìlú ńlá, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń ti odidi ènìyàn bọ̀ bí ẹni ń ti búrẹ́dì bọ ààrò, òun ni wọ́n fi ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Fìlà dúdú kan ni, tí wáyà pọ̀ ní ìpàkọ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa kan tí kì í jóni á gba inú eegun orí wọlé, á tún jáde, á sì sọ bí ẹ̀jẹ̀ tó débẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ẹni tó bá dé fìlà náà á máa wo ojú kọ̀ǹpútà kan. Àmì pupa kékeré kan wà láàárín, ibẹ̀ ló gbọdọ̀ tẹjú mọ́. Àwòrán dúdú àti funfun, bí ojú pátákó dírààfù, á wá máa ṣẹ́jú lápá òsì, á dúró, á tún máa ṣẹ́jú lápá ọ̀tún. Èmi àti Àǹtí á wà nídìí kọ̀ǹpútà kejì, níbi tí ìlà méjì wà, ọ̀kan fún apá òsì ọpọlọ, ọ̀kan fún apá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ náà lọ́ ara rẹ̀ díẹ̀: ohun tó bá wà lápá ọ̀tún rẹ, apá òsì ọpọlọ rẹ ló ń rí i, èyí tó bá wà lápá òsì, apá ọ̀tún ni. Bí àwòrán bá ti ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún, ìlà apá òsì á rọra dìde bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ń wú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó dìde, ara mi ṣe gìrì. Mo ń wo bí ẹlòmíràn ṣe ń ríran, láti inú.

Ìwé kan wà tí olúkúlùkù máa ń fọwọ́ sí kó tó dé fìlà. Gẹ̀ẹ́sì ni, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rí i níbì kan pé a ò ní sọ ohun tí a bá rí fún ẹni tó ni orí, torí pé ìwádìí ni, kì í ṣe ìtọ́jú. Mo fi han Àǹtí.

Ó mi orí. "Ìwé yẹn, ti àwọn ará ọ́fíìsì ni. Ṣáà sọ fún wọn pé bí a bá rí nǹkan, a ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ṣé mo lè rí nǹkan lára àwọn èèyàn mi kí n dákẹ́ ni?"

Mo gbà á gbọ́. Ohun tí mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó sórí àga yẹn nìyẹn.

Àwọn ènìyàn ò kọ́kọ́ wá. Ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé fìlà náà ń fa làákàyè mu, pé àwọn òyìnbó ló rán wa láti wá kó ọgbọ́n orí ìlú lọ. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, ẹni méjì péré ló yọjú. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ni mo bá lọ bá bàbá mi.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń fi tasí ná Ìkọ̀lé sí Ìsàn. Mùsùlùmí tó ń kírun ní wákàtí márààrún ni, kò fi ọtí kan ẹnu rí, kì í sì í sáré lójú pópó. Àwọn èrò tó bá ń kánjú a máa kùn pé ó ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Mo mọ̀ pé bí àwọn aládùúgbò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó wọlé tó sì jáde láìsí ewu, àwọn náà á wá. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ó ní, "Ṣé uṣẹ́ tìrẹ ni?"

Mo ní, "Uṣẹ́ mi ni, bàá mi."

Kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó bu omi bọ́jú, ó sì tẹ̀ lé mi.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan kí n tó tẹ̀síwájú. Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú, orí fífọ́ líle kan ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ibà la pè é. Ó mu àgbo, ó dìde, a dúpẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ọwọ́ gbá ife omi tó bá wà lápá ọ̀tún rẹ̀ dànù, ìyá mi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ogbó ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ rẹ̀ náà ti ha níbi méjì lápá ọ̀tún. Ó ní àwọn ọlọ́kadà ni. Ẹnì kankan nínú wa ò so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀.

Ó jókòó sórí àga, mo nu ìpàkọ́ rẹ̀, Àǹtí dé fìlà náà fún un. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Àwòrán ṣẹ́jú lápá òsì, ìlà apá ọ̀tún dìde, ó rẹwà. Àwòrán bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìlà apá òsì sùn sílẹ̀. Mo dúró kó dìde. Kò mì rárá, bí omi inú agbada nígbà tí atẹ́gùn ò sí.

Mo rọra sọ ọ́ sí Àǹtí létí: "Ẹ wò ó, ìlà yìí ò mà dìde o."

Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́. Ó dìde, ó tún fìlà náà ṣe lórí bàbá mi, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà náà tún sùn sílẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì fún àwọn wáyà náà mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Síbẹ̀, pẹrẹsẹ. Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Orí bàbá ló tóbi jù, fìlà yìí ò jókòó dáadáa."

Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń bọ́ fìlà lórí rẹ̀, ó yíjú sí Àǹtí. "Ṣé ẹ bá nǹkan kan níbẹ̀, ìyá?"

"Rárá o, bàbá. Ojú yín yìí, ó dára ju tèmi lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé lọ. Ó gbé e lọ sí ibùdókọ̀, ó gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo èrò tó wọ ọkọ̀ rẹ̀: "Dókítà fi ẹ̀rọ wò mí, ó ní ojú mi dára ju tòun lọ." Láti ọjọ́ kejì ni àwọn ènìyàn ti ń tò síwájú yàrá wa. Àwọn ará Ìsàn wá, àwọn kan tiẹ̀ wọ ọ̀kadà wá láti Àsin. Àǹtí ní èmi àti bàbá mi la gba iṣẹ́ òun là. Nígbà tí ọkọ̀ bàbá mi tún ha lẹ́ẹ̀mejì sí i, tí ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ojú, ìdáhùn kan náà ló ń fún un: ta ni kí òun gbàgbọ́, ṣé ẹ̀rọ ni àbí ẹnu obìnrin tó ń dáná? Èmi náà wà níbẹ̀. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Àǹtí kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó tó oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ kan wà ní Ìsàn, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ti ń wọ ọkọ̀ bàbá mi láti bí ọdún méje. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró sétí títì lápá ọ̀tún, níbi tó máa ń dúró sí, ó na ọwọ́ sí i. Bàbá mi ń yà sétí títì bọ̀ jẹ́jẹ́, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti máa ń gbé e. Kò tẹ bíréèkì. Ó rọra wa ọkọ̀ lu obìnrin náà, ní ojúmọmọ, lójú gbogbo èrò.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. A dúpẹ́ pé kò kú. Ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìròyìn ti dé Ìkọ̀lé pé ọtí ló pa bàbá mi. Ènìyàn tí kò mọ bí ọtí ṣe rí lẹ́nu! Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ń wò ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Òun fúnra rẹ̀ ò rí nǹkan sọ ju "Mi ò rí i" lọ, gbogbo ẹni tó sì gbọ́ ọ ló rò pé irọ́ ni, torí kí ló lè fà á tí ẹni tójú rẹ̀ là rekete kò fi ní rí obìnrin tó wọ aṣọ funfun, tó dúró gbagidi sétí ọ̀nà?

Àwọn ọlọ́pàá ní ká lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan ní Ìdó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí bàbá mi tẹjú mọ́ imú òun, ó wá na ìka méjì sókè lápá òsì. "Méjì," ni bàbá mi dáhùn. Ó nà wọ́n sókè lápá ọ̀tún. Bàbá mi dákẹ́, ó ń dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ, mo ti ṣetán." Ìka náà ṣì wà lókè lápá ọ̀tún rẹ̀.

Dókítà náà jókòó tì í. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹyinjú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì ni ẹ̀jẹ̀ ò dé nígbà kan, ibẹ̀ sì ti kú, ó sì ti lé lọ́dún kan. Ohunkóhun tó bá wà lápá ọ̀tún rẹ̀, kì í rí i.

Bàbá mi ní, "Ṣùgbọ́n mi ò rí òkùnkùn kankan níbẹ̀."

"Bàbá, ṣé ẹ ń rí òkùnkùn lẹ́yìn orí yín? Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ ò sì lè mọ̀ pé kò sí, àfi bí ẹnìkan bá sọ fún yín."

Mi ò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn náà nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìlà yẹn ti dé iwájú mi, tó sùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó jẹ́ pé Àǹtí ò mọ̀, pé lóòótọ́ ló rò pé fìlà ni. Mo ń wá àwáwí fún un. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó nìyẹn.

Òun fúnra rẹ̀ ló já àwáwí náà gbà lọ́wọ́ mi. Kò gbọ́ nípa jàm̀bá náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi ìwé ìwádìí náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́ bá mi yẹ àmì ohùn orí orúkọ àwọn ìlú wò." Mo yẹ Ìsàn wò, mo yẹ Àsin wò. Lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ iye ẹni tó wá, mo rí gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì: pé wọ́n yọ awakọ̀ kan kúrò, torí pé apá òsì ọpọlọ rẹ̀ kò dáhùn sí àwòrán lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dí níbẹ̀ rí. Mo kà á títí ojú mi fi ń ṣe wìnnìwìnnì. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Kò gùn tó ìlà méjì.

Mo gbọ́ pé ó wá kí ìyá rẹ̀ lọ́dún Àjíǹde, mo lọ bá a ní Òyé. Ẹ̀fọ́ ló ń já lọ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó dìde láti dì mọ́ mi, mo sún sẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ mọ̀."

Kò bi mí pé kí ni òun mọ̀. Èyí ló kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ sí mi lára. Mo sọ fún un nípa olùkọ́ yẹn àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ìró, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, mo sì rò pé ó máa sunkún. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ìwé tó fọwọ́ sí wà níbẹ̀. Ó wà nínú ìwé pé a ò ní sọ."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ fún wọn pé a ó sọ."

"Níbo ni mo kọ ìyẹn sí?"

Yorùbá inú rédíò ló fi sọ ọ́. Mo yí padà láti máa lọ. Bóyá ìyẹn ló bà á lẹ́rù, ohùn rẹ̀ wá rọ̀. Ó ní kí n rò ó wò: bí òun bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá tún wá? Gbogbo ìlú ni ì bá máa wí pé fìlà ló fọ́ bàbá lójú, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta òun ì bá sì bàjẹ́. Mo ní ó kéré tán, ṣebí bàbá mi bi í léèrè, ì bá kúkú dákẹ́, kí ló dé tó fi ní ojú rẹ̀ dára ju tòun lọ? Ó wo ilẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni."

Mi ò tún rí i láti ọjọ́ náà. Ó pè mí títí, ó sì dẹ́kun.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Orí àpótí ló jókòó sí níwájú ilé. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú rẹ̀. Mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀, kí a lè jọ bínú sí obìnrin náà. Ó gbọ́ mi dé òpin.

"Ìwọ rí ìlà náà lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo rí i, bàá mi."

"O sì bi í léèrè."

"Mo bi í. Ó ní fìlà ni."

"Nígbà tí a dé ulé ńkọ́? Nígbà tí mo tún ha ọkọ̀, ṣé o bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ríran?"

Ó kó tẹ̀súbáà rẹ̀ sápò.

Ó ní, "Àlejò ni obìnrin yẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mo gbé orí mi fún."

Kò pariwo, kò sì sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà títí di òní. Ohun tó bèèrè lọ́wọ́ mi kò ju pé kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ náà. A wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sí Ìsàn, òun lẹ́yìn, bí èrò. Obìnrin náà na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó, irin wà nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un: ẹ̀yìn ọpọlọ, apá ọ̀tún, ìka dókítà. Bàbá mi kò gbójú sókè. Nígbà tí mo parí, obìnrin náà fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú.

"Ó mà ṣe o. Mo ti rò pé ẹ rí mi. Pẹ̀lú ọdún méje tí mo ti ń wọ ọkọ̀ yín, mo rò pé ẹ rí mi, ẹ sì kàn ń bọ̀ ni. Ìyẹn ló ń dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ."

Nígbà náà ni bàbá mi sunkún. Èmi ò tíì rí i tó sunkún rí.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Bàbá mi ta ọkọ̀ náà, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ti kọ́ láti máa yí orí sọ́tùn-ún kó tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ti padà ń bá a ṣeré. Èmi ti ríṣẹ́ olùkọ́, mo sì ti mọ̀ pé bí ẹni tí o fẹ́ràn bá tàn ọ́ jẹ, kì í ṣe ọkàn rẹ nìkan ló ń bàjẹ́. Ó ti lo ẹnu rẹ, ó ti lo ojú rere tí àwọn ènìyàn rẹ ní sí ọ, kí o tó mọ̀. Mi ò tíì dárí jì í. Mo ti gbìyànjú, kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò mọ apá tí bàbá mi sọ fún mi níwájú ilé lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ Àǹtí bá ti jáde nínú ilé wa, ó máa ń gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ," àwọn àbúrò mi á sì ṣe àmín. Bàbá mi á wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi kì í lè ṣe àmín náà.